ÒDÒDÓ INÚ ỌGBÀ: ẸWÀ RẸ̀ KÒ BURÚ, ṢÙGBỌ́N IBO NI Ẹ GBÌN ÍN SÍ?

 

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Agodi ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ka ìwé ìròyìn, nígbà tí mo gbọ́ igbe láti ilé kejì. Mo sáré lọ. Ọmọ ọmọ Alhájà aládùúgbò mi, ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọdún 2 lọ, ni mo bá ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wọ̀ọ̀, ahọ́n rẹ̀ ti wú, ó ya ẹnu láti sunkún ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìkòkò òdòdó kan wà, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí ó ní àwọ̀ ewé àti funfun tótòtó. Ewé kan ti já, eyín ọmọ sì hàn lára rẹ̀ kedere.

Kí n tó dé, ẹnì kan nínú ilé ti bu epo pupa sínú ṣíbí, ó sì fẹ́ dà á sí ọmọ lọ́fun. Mo figbe ta. Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí, mo mọ ohun tí epo pupa ti fojú àwọn ọmọ rí. A fi aṣọ mímọ́ nu èérún ewé kúrò lẹ́nu rẹ̀, a fi omi tútù fọ ẹnu náà, a fún un ní mílíìkì tútù díẹ̀díẹ̀, a sì gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé èémí rẹ̀ kò dí. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì, ahọ́n ti fà, ó sì ti ń pariwo bí ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọkàn gbogbo wa balẹ̀, Alhájà pè mí, ó ní, “Bàbá Wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi yí gbogbo àgbàlá yìí ká. Èyí tí ó bá lóró nínú wọn, ẹ ní kí gádínà fà á tu, kí ó sun ún.”

Mo ní, “Alhájà, ẹ fara balẹ̀. Bí a bá ní kí á fa gbogbo ohun tí ó lóró tu, kókò tí ẹ ń sè jẹ náà kò ní ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí kálukú wọn dúró sí.”

Ohun tí a rí nígbà tí a yí ká ni mo fẹ́ sọ fún yín lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ilé Alhájà nìkan kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn a máa ra òdòdó nítorí pé ó wu ojú. Bí yóò ti ga tó, bí yóò ti fẹ̀ tó, ohun tí èso rẹ̀ lè ṣe nínú ikùn ọmọ, àti ohun tí yóò fara pamọ́ sí ìdí rẹ̀, ó di ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí á tó bi ara wa.

Agodi kì í ṣe àdúgbò tí òdòdó ṣàjèjì sí. Nígbà ìjọba amúnisìn, apá kan níbẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó aláṣẹ, nínú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ gbalasa, tí koríko rẹ̀ tẹ́jú, tí òdòdó sì jìnnà sí ògiri. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá. Ní ayé Lugard, ìlànà ìjọba ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti aráàlú, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀fọn tí ó bá bu aráàlú jẹ kò ní lè fò dé ọ̀dọ̀ àwọn. (Bí ẹni pé ẹ̀fọn ń béèrè àwọ̀ kí ó tó bu ni jẹ!) Lẹ́yìn òmìnira, ní 1967, ìjọba dá ọgbà ńlá Agodi sílẹ̀ fún igi, òdòdó àti ẹranko, kí gbogbo ènìyàn lè máa wá síbẹ̀ gbatẹ́gùn. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ gbalasa ti di ilé lórí ilé. Ṣùgbọ́n irú òdòdó tí àwọn ará àtijọ́ gbìn sí ilẹ̀ ńlá náà ni àwa ṣì ń gbìn sí etí fèrèsé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Alhájà. Òdòdó tí ọmọ jẹ náà, Dieffenbachia ni orúkọ tí àwọn oníwèé ń pè é. Òyìnbó tún ń pè é ní ọ̀pá tí ń sọ ni di odi, nítorí bí ó ti ń gba ohùn lẹ́nu ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Nínú ewé àti ìtí rẹ̀ ni nǹkan tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ wà, tí ojú lásán kò lè rí. Bí eyín bá ti tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ wọ̀nyí a gún ahọ́n, a gún ọ̀fun, wọn a sì wú. Irú rẹ̀ gan-an ni ó wà nínú kókò tútù tí ń yún wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń bó o, tí ó sì ń já ni lọ́fun bí kò bá jinná. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n. Òdòdó alákòókò tí ewé rẹ̀ pupa láàárín, tí wọ́n ń pè ní Caladium, wà nínú ẹbí yìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tí ń fà lórí ògiri inú ilé tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní money plant. Wọn kì í sábà pani, ṣùgbọ́n bí ọ̀fun ọmọ bá wú jù, èémí lè dí. Mo sọ fún Alhájà pé kò sí ìdí láti sun ún. Ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún 2 kò lè dé ni kí á gbé e sí, kí ẹni tí ó bá sì ń gé e fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fi nu ojú.

Láti ibẹ̀ a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ẹ̀rù ti bà mí ní tòótọ́. Igi kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí òdòdó rẹ̀ yẹ́lò dà bí agogo, tí èso rẹ̀ tútù, tí ó sì ní igun mẹ́ta. Àwọn àgbà ibòmíràn ń pè é ní olómi-òjò. Láti apá Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru. Abẹ́ igi yìí ni àwọn ọmọ ilé ti ń fi kóró rẹ̀ ta ayò! Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: ọkàn ni oró igi yìí ń bá jà. Ẹni tí ó bá jẹ kóró rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa bì, lẹ́yìn náà ni ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ yóò dẹ̀, tí yóò máa lù ségesège, ó sì lè dá dúró. Ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, kóró yìí ti di ohun tí àwọn tí ayé sú ń jẹ láti pa ara wọn, láti bí ọdún 1980 síwájú, débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀ lọ́dọọdún. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní oleander, kò sàn jù ú lọ. Ewé, ìtí, èso, gbogbo rẹ̀ ni oró.

Lórí èyí, èmi pẹ̀lú Alhájà fohùn ṣọ̀kan: ilé tí ọmọdé wà kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Gádínà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣáná, mo ní kí ó dúró ná. Èéfín igi yìí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, a kò sì gbọdọ̀ fi igi rẹ̀ dáná ọbẹ̀ tàbí kí á fi ẹ̀ka rẹ̀ gún ẹran sun. Kòtò ni a gbẹ́, tí a sin ín.

Ní ẹ̀yìnkùlé ni a ti bá lápálápá tí bàbá àgbà fi ṣe ọgbà ní ìgbà láéláé. N kò bá lápálápá jà o. Igi tí ó wúlò ni, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, bí a bá sì ti ri ẹ̀ka rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni yóò hù. Ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi máa ń pín in jẹ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Láìpẹ́, gbogbo wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú wọn a sì máa ṣí. Níbi tí a ti ń wò wọ́n ni àwọn ìyá a ti máa rò pé ẹnì kan ló fi májèlé sí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ní ń yè é, ṣùgbọ́n omi ara tí ó ń jáde ni ó léwu, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí á gbé wọn lọ kíákíá. Bákan náà ni kí á ṣọ́ ojú ológbò tí ó máa ń fà lórí ọgbà. Kóró rẹ̀ pupa, ó ní dúdú lórí, ó lẹ́wà, ọmọ a sì máa fẹ́ fi í sẹ́nu. Bí ó bá gbé e mì odindi, ó lè jáde láìṣe nǹkan kan. Bí ó bá fi eyín fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ dé.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n padà sórí epo pupa, nítorí n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé epo pupa ń pa oró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń bì tàbí tí ọ̀fun rẹ̀ ti wú, epo tí a bá dà sí i lẹ́nu rọrùn láti gba ọ̀nà èémí sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí yóò ti dá àìsàn mìíràn sílẹ̀ tí ó lè burú ju oró tí ó jẹ lọ. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ yọ ohun tí ó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ọ́, ẹ já ẹ̀ka tàbí èso ohun tí ó jẹ dání kí dókítà lè rí i, kí ẹ sì máa lọ. Bí ó bá jẹ́ kóró olómi-òjò tàbí ojú ológbò ni ó jẹ, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò bì, bí ó tilẹ̀ ń ṣeré lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ojú pẹ̀lú. Oró adẹ́tẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún tí omi rẹ̀ funfun bí wàrà, àti gbogbo òdòdó tí ń sun irú omi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń gé láìwọ awò ojú. Bí omi náà bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú. Omi mímọ́ púpọ̀ ni kí á fi ṣan án fún bíi ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí á lọ rí oníṣègùn ojú. Kì í ṣe omi ọyàn, kì í sì í ṣe ìtọ̀ ni à ń kán sí i.

Alhájà wá bi mí pé, “Kí ni ó wá kù tí a lè gbìn?” Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó kù pọ̀. Hibiscus tí òdòdó rẹ̀ tóbi bí àwo kékeré wà níbẹ̀, kò sì ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ixora wà, tí gbogbo wa ti fa oyin ìdí òdòdó rẹ̀ mu rí nígbà tí a wà ní ilé-ìwé. Akòko wà, tí kì í gba àyè púpọ̀, tí ó sì níyì nítorí oyè. Pèrègún wà fún ààlà ilẹ̀. Bougainvillea kò ní oró inú, ẹ̀gún nìkan ni ó ní, nítorí náà ó yẹ orí ògiri ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà sáré lọ. Ìdí koóko ọba kan àti efinrin díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná náà wúlò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé bí ẹ bá ti gbìn wọ́n, ẹ̀fọn kò ní wọlé. Òórùn wọn kì í jáde tó bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá rún ewé náà. Ẹ ṣì máa ta nẹ́ẹ̀tì yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni iṣẹ́ mi gan-an, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀fọn kan wà tí ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, tí ó ń bu ni jẹ ní ojú ọ̀sán. Òun ní ń gbé ibà pọ́njú kiri. Kì í yé sínú kòtò ìdọ̀tí. Omi díẹ̀ tí ó mọ́, tí ó dúró sójú kan, ni ó fẹ́: àwo pẹrẹsẹ abẹ́ ìkòkò òdòdó, táyà tí a fi ṣe ibi ìgbin-òdòdó, ike ọ̀dà tí a kò lu nídìí, ihò igi, àní omi tí ó bá dúró sí ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò tàbí ọ̀pẹ òyìnbó. Ní 1987, nígbà tí ibà pọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú ohun èlò tí a fi ń pọn omi sí nínú ilé ni irú ẹ̀fọn yìí ti ń pọ̀ sí i. Ní 2017 àrùn náà tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, tí à ń fún ọmọ ní oṣù 9, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó ènìyàn fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbà á, ẹ lọ gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba, mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ nínú ara yín pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Agodi ni bàbá yìí ń sọ. Rárá o. Níbi tí ilé ti fara kan ilé, níbi tí kò sí ilẹ̀, inú garawa àti ike ni òdòdó wà, ẹ̀yin gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yìí kàn jù. Ẹ lu ìdí ike náà ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kó yanrìn kún àwo abẹ́ rẹ̀ kí omi má baà lè hàn lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ dà á nù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nítorí tánwíjí kì í ju bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ kí ó tó hu ìyẹ́. Kí ẹ tún fi kànrìnkàn fọ ẹ̀gbẹ́ àwo náà, nítorí ẹyin ẹ̀fọn yìí lè lẹ̀ mọ́ ọn ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀, tí yóò sì pa nígbà tí omi bá tún kàn án. Ọjá-ìkookò dára fún irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ omi púpọ̀, kò sì bìkítà bí oòrùn kò bá tó. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má jẹ ẹ́, yóò bì.

Ẹ̀fọn ti ibà lásán yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀gbàrá òjò tí ó dúró nínú kòtò, tí oòrùn ń ta sí, ni ó fẹ́. Nítorí náà, ibi tí a wa ilẹ̀ láti fi gbìn òdòdó, kí á dí i padà kí ó tẹ́jú.

Lábẹ́ fèrèsé yàrá Alhájà, a bá ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní yellow bush. Ó ti kún, ó ti dí, ewé rẹ̀ wọ́ nílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì ti wọ inú àwọ̀n fèrèsé. Mo fi ọ̀pá gbé ìdí rẹ̀ sókè. Awọ ejò ni a kọ́kọ́ rí. Alhájà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe òdòdó ni ejò ń wá, eku àti ọ̀pọ̀lọ́ tí ó sá sí abẹ́ òjìji ni ó ń wá, igi tí ó sì kan fèrèsé ni àkàbà rẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ 3 ó kéré tán ni ó yẹ kí ó wà láàárín ògiri àti òdòdó, kí ènìyàn lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì lè gbá a. Kí á gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò títí dé ìwọ̀n orúnkún, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ìdí rẹ̀. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí á má sín ojú ibẹ̀ ní gbẹ́rẹ́, kí á má fi ẹnu fà á, kí á má sì so ó lókùn pinpin. Kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró sójú kan, kí á gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun mìíràn wà nípa ọgbà yìí. Bí a kò bá gé e, yóò tanná, yóò sì so èso róbótó aláwọ̀ ọsàn tí ó ní oró. Bí a bá ń gé e déédéé, àyè àtiso èso kì í sí. Òdòdó tí a ń gé, ewu rẹ̀ a dín kù.

Ìgbà wo ni ó wá yẹ kí á gé òdòdó? Òpin oṣù Fẹ́búárì sí Máàṣì, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ó dára fún hibiscus, ixora àti ọ̀pọ̀ irú wọn, nítorí ẹ̀ka tuntun ni wọ́n fi ń tanná. Bougainvillea ní tirẹ̀ máa ń tanná dáradára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó tan ún tán kí ẹ tó gé e. Ẹ má gé òdòdó ní àárín ọyẹ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ wọ inú. Sísọ́ọ̀sì ọgbà tí ó mú ni kí ẹ lò. Àdá tí gádínà wa fẹ́ràn yìí máa ń ya igi, ibi tí ó bá ya ni àrùn yóò gbà wọlé. Ẹ fi ọṣẹ fọ irin náà kí ẹ tó kúrò lórí igi kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀ka tí ó ti kú ni kí á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà èyí tí ń ṣàìsàn, lẹ́yìn náà èyí tí ń fi ara gbo èkejì. Kí á gé e díẹ̀ lókè ojú tí ewé yóò ti rú, kí ojú náà kọjú síta, kí ojú ibi tí a gé sì dagun kí omi lè ṣàn kúrò. Kí á má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọgbà gígùn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè yóò ṣíji bo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yóò sì pá.

Ẹ̀ka ńlá ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí á kọ́kọ́ fi ayùn gé e láti abẹ́ díẹ̀, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí ara igi, kí á tó wá gé e láti òkè níwájú ibẹ̀, kí ó má baà bọ́ èpo igi títí dé ìdí. Lẹ́yìn náà ni a ó gé kùkùté tí ó kù, létí ibi tí ó ti wú díẹ̀ lára igi, kì í ṣe ní pẹrẹsẹ mọ́ igi fúnra rẹ̀. Bí wáyà iná mànàmáná bá wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má gun un rárá. Ẹ pe àwọn oníná kí wọ́n wá pa iná.

Igi kan ṣoṣo ni ó mú mi bá Alhájà jiyàn. Ní ìhà ìlà-oòrùn ilé rẹ̀ ni pánsẹ́kẹ́ ńlá kan wà, tí ń tan iná pupa bí ẹni pé ilé ń jó. Ọkọ rẹ̀ ni ó gbìn ín kí ó tó kú, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dun ún. Ṣùgbọ́n ìjì tí ń ṣáájú òjò ńlá nílẹ̀ wa, láti ìlà-oòrùn ni ó sábà máa ń wá. Igi tí ó bá wà ní ìhà náà, orí ilé ni yóò wó sí, igi pánsẹ́kẹ́ kò sì le. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni igi ńlá dára sí, kí ó jìnnà díẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti ṣíji bo ògiri lẹ́yìn ọ̀sán tí oòrùn ṣì mú, bí ìjì bá sì bì í lulẹ̀, yóò wó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ọdán kò tilẹ̀ yẹ ilé rárá. Iwájú ààfin àti àárín ọjà ni àwọn baba wa gbìn ín sí, wọ́n mọ ìdí rẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ yóò wá kànga àti sọkáwéè kàn níbikíbi tí wọ́n bá wà. Lẹ́yìn ìjíròrò pípẹ́, Alhájà gbà kí á gé àwọn ẹ̀ka tí ó na ọwọ́ sórí òrùlé, kí ìtí fúnra rẹ̀ dúró. Òun ló ni ilé. Èmi kò ní fà á tu fún un.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, òkìtì ẹ̀ka ga tó ènìyàn. Gádínà ti kó ìpín kìíní lọ sẹ́nu gọ́tà òde kí a tó dá a dúró. Ní ìlú tí odò Ògùnpa ti ya wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù Ògósítì ọdún 1980, tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ, tí ó sì ba ọgbà Agodi fúnra rẹ̀ jẹ́, tí àgbàrá sì tún ṣọṣẹ́ ní 2011, kò yẹ kí a ṣì máa sọ fún àgbàlagbà pé gọ́tà kì í ṣe ibi ìdalẹ̀sí. A gé ẹ̀ka kéékèèké sí wẹ́wẹ́, a tẹ́ ewé wọn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé kí wọ́n jẹrà, a sì kó àwọn igi ńlá jọ fún alágbàṣe tí ń kó pàǹtí.

Ìkòkò Dieffenbachia ti wà lórí pẹpẹ gíga báyìí, nínú yàrá tí ọmọ kì í wọ̀. Ọmọ náà ṣì máa ń lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àlejò, a sì máa wo ojú ibi tí ìkòkò náà wà tẹ́lẹ̀. Hibiscus pupa ni Alhájà fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ní àná òde yìí, ó ti já méjì nínú òdòdó rẹ̀.